Mo Bá Rélùwéè Gun Òkè Ibi Tí Tíì Ti Ń Wá

Bí a bá rán ọmọ wa sí ṣọ́ọ̀bù pé kí ó lọ ra tíì wá, Lipton ni yóò bèèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni a kọ sára páálí tí yóò gbé bọ̀. A ti sọ orúkọ ọkùnrin kan di orúkọ ewé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Thomas Lipton, ọmọ ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1871. Nígbà tí ó di 1890, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Ceylon, ó ra oko tíì fún ara rẹ̀, kí ó lè máa ta ọjà náà fún àwọn ará ìlú rẹ̀ láìgba ọwọ́ alárinà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ń mú wọ àpò. Ceylon yìí ni ó yí orúkọ padà sí Sri Lanka ní 1972. Orí òkè ni àwọn oko náà wà, rélùwéè kan sì wà tí ń gun òkè ọ̀hún. Ìròyìn rélùwéè náà ni mo mú wá fún yín lónìí.

Mo lọ síbẹ̀ ní oṣù Ògọ́ọ́sì 2023, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Colombo, ìlú èbúté wọn, ó sì ti ń pè mí tipẹ́. N kò ní sọ iye tí ọkọ̀ òfúrufú gbà lọ́wọ́ mi, nítorí ìyàwó mi a máa ka ìwé ìròyìn yìí.

"Àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí ní alẹ́ tí mo dé, "rélùwéè ni a ó wọ̀ lọ sí Badulla. Nǹkan bí máìlì 180 ni. Bí a bá kúrò níhìn-ín kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù, a ó débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, máìlì 180 fún odindi ọjọ́ kan? Ẹ jẹ́ kí a kúkú wá mọ́tò."

"Mọ́tò kò lè fi ohun tí mo fẹ́ kí o rí hàn ọ́. Lọ sùn."

Podi Menike ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí Omidan Kékeré ní èdè Sinhala. Kíláàsì mẹ́ta ni ó ní. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní kíláàsì kìíní, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè kí ó sì gbọ́ òórùn ilẹ̀, kíláàsì kejì tàbí ẹ̀kẹta ni kí ó wọ̀. Kejì ni àwa wọ̀. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kọ́ ọrùn pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn onílé lọ. Ọkọ̀ náà fẹ̀ lójú mi, ó sì nídìí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin àtijọ́ wa, èyí tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ìbú rẹ̀. Tiwọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ààbọ̀. Pé a lè fi irin tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yí òkè po bí ẹni ń wé gèlè, ìyanu ni.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a kọ́kọ́ gbà: oko ìrẹsì, igi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilé alápáàdì. Èyí kò jọ mí lójú púpọ̀. Nígbà tí a dé Rambukkana ni ẹ̀rọ orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mí gúlegúle, tí ilẹ̀ ọ̀tún wa sì ṣubú lọ sísàlẹ̀ títí àwọn ilé fi dà bí páálí ìṣáná. Láti ibẹ̀ a gba Kadugannawa dé agbègbè Kandy, ìlú tí ọba wọn ìkẹyìn ti jọba kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ náà ní 1815.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé ta ni ó ní kí a wá fi irin la irú òkè báyìí. Kọfí ni. Ṣáájú tíì, kọfí ni ọrọ̀ Ceylon, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ni wọ́n sì fi ń kó o sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Àwọn òyìnbó olóko kọfí pariwo títí ìjọba fi tẹ́ ojú irin. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ rìn láti Colombo dé Ambepussa ní 1864, ojú irin sì dé Kandy ní 1867. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ ni. Ní 1869 àrùn kan yọ lára ewé kọfí, ó pupa rúsúrúsú bí ìpẹtà ara irin. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ bí àrùn ṣe ń jẹ oko run lójú ẹni. N kò ní láti ṣàlàyé. Kò pé 20 ọdún tí kọfí fi di ohun ìtàn níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ olóko sì wọ gbèsè.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Taylor, ọmọ Scotland òun náà. Ní 1867, ọdún kan náà tí rélùwéè dé Kandy, ó ti gbin tíì sí ilẹ̀ éékà 19 ní oko Loolecondera. Nígbà tí kọfí kú, ẹ̀yìn tíì ni gbogbo wọn sá sí. Ojú irin dé Nanu Oya ní 1885, ó dé Bandarawela ní 1894. Irin tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí kọfí, tíì ni ó wá ń gùn ún. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó rò ó pé ènìyàn yóò san owó láti kàn jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa wo òkè.

Nígbà tí a kọjá Nawalapitiya, mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n ní kí n wá wò. Bí ẹ bá ti rí orí ọmọ tí onígbàjámọ̀ tí ó mọṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀ tán, tí irun ibẹ̀ dọ́gba láìsí èyí tí ó yọrí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkè náà rí. Tíì láti ìdí òkè dé ṣóńṣó, tíì ní gẹ̀rẹ́ tí ewúrẹ́ ìbá bẹ̀rù àtidúró sí. Igi ni tíì í ṣe. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò ga ju ènìyàn lọ fíìfíì. Gígé ni wọ́n ń gé e tí ó fi ń mọ ní ìbàdí. Ojú ọ̀nà tóóró wà láàárín àwọn ìlà rẹ̀, inú ọ̀nà náà ni àwọn obìnrin wà pẹ̀lú àpò tàbí apẹ̀rẹ̀ tí okùn rẹ̀ gba iwájú orí wọn kọjá. Ìka wọn ń ta pọ́nńpọ́n lórí ewé bí ìka ẹni tí ń dirun. Ọ̀mùnú tí ó wà lórí ẹ̀ka pẹ̀lú ewé méjì tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ń já, wọn kò gbọdọ̀ fi ewé líle kún un. Bí wọ́n bá já a lónìí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò tún rú, wọn yóò sì tún padà wá.

Àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán. Àwọn obìnrin náà kò gbé orí sókè.

Bí a ṣe ń lọ, mo ṣàkíyèsí ohun kan tí yóò dùn mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ojú irin kan ṣoṣo ni ó wà lórí òkè. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ìjàmbá dé. Nítorí náà wọ́n ní àmì kan tí a fi irin ṣe, inú àpò awọ ni wọ́n ń fi í sí, àpò náà sì ní òrùka ńlá tí apá ènìyàn lè wọ̀. Awakọ̀ tí àmì yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó láṣẹ àtirìn láti ìdíkọ̀ kan dé èkejì. Bí ọkọ̀ wa bá ti ń wọlé, ọ̀gá ìdíkọ̀ nínú aṣọ funfun nini yóò ti dúró. Wọn yóò ju ti ẹ̀yìn sí i, wọn yóò gba ti iwájú. Ó ti lé ní 100 ọdún tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn lórí irin. 

Ní Hatton, kùrukùru ti bo gbogbo nǹkan, òjò wẹ́wẹ́ sì ń sẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí ó wọ kóòtù wọlé, ó jókòó sí iwájú wa. Àwọn ọmọkùnrin tí ń kiri oúnjẹ náà sì wọlé, wọ́n ń pariwo "Wade! Wade!" Mo ra mẹ́ta. Ẹ̀yin ará ilé, àkàrà ni! Irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ìyá mi ìbá ní wọn kò lọ̀ ọ́ kúnná. Bébà ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi pọ́n ọn. Ti èmi jẹ́ ìṣirò pípín. Olùkọ́ ti fi bírò pupa sàmì ẹ̀tọ́ sí méje, ó sì fa igi sí mẹ́ta. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìṣirò náà wò láti mọ ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà.

Bàbá náà ń wò mí. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Ṣé olùkọ́ ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ ti ṣe mọ̀?"

"Kò sí ẹlòmíràn tí í wo ìṣirò kí ó tó jẹ wade."

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni òun náà. Ó ń lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ ní Bandarawela. Tamil ni. Mo sọ fún un pé ní ìlú tèmi, Lipton ni a ń pe gbogbo tíì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun já ewé tíì fún nǹkan bí 40 ọdún, kò sì tọ́ èyí tí ó dára jù lẹ́nu wò rí, nítorí ọkọ̀ òkun ni ìyẹn ń bá lọ. Ilé tí wọ́n bí òun sí, ó nawọ́ sí irú rẹ̀ láti ojú fèrèsé: yàrá tí a to mọ́ra wọn gbọọrọ lábẹ́ òrùlé páànù kan ṣoṣo, ìdílé kan sí yàrá kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó láti gúúsù Íńdíà wá. Mo rí i pé ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn.

Mo bi í nípa iṣẹ́ ewé jíjá. Ó ní lórí ọ̀pọ̀ oko, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ já nǹkan bí kílò 18 kí wọ́n tó ka ọjọ́ náà sí odindi ọjọ́ iṣẹ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kílò ewé tútù mẹ́rin sí márùn-ún ni ó ń di kílò tíì gbígbẹ kan. Iṣẹ́ obìnrin kan láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nínú òjò, lórí gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú eṣúṣú lẹ́sẹ̀, kò ju nǹkan bí kílò mẹ́rin tíì lọ. Ní 2021 ni ìjọba wọn pàṣẹ pé kí owó ojúmọ́ wọn di rúpíì 1,000. Àwọn kan ti ń jà fún iye yẹn fún ọdún púpọ̀ kí ó tó bọ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá náà sọ ohun tí ó mú mi gbàgbé wade ọwọ́ mi. Ceylon gba òmìnira ní 1948. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí yóò jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ náà ni a bí baba rẹ̀ sí. Níbo ni òṣìṣẹ́ oko yóò ti rí ìwé ìbí baba rẹ̀? Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye Tamil orí òkè ṣe jí ní ọjọ́ kan tí wọn kì í ṣe ọmọ ibikíbi mọ́. Íńdíà kò kà wọ́n sí tirẹ̀, Ceylon náà kò kà wọ́n sí tirẹ̀. Wọn kò lè dìbò. Ní 1964, olórí ìjọba Ceylon, Sirimavo Bandaranaike, àti ti Íńdíà, Lal Bahadur Shastri, jókòó, wọ́n sì pín àwọn ènìyàn náà: nínú 975,000, kí 525,000 padà sí Íńdíà, kí 300,000 di ọmọ Ceylon, kí a fi ọ̀rọ̀ 150,000 sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Bí a ṣe ń pín ẹran iléyá ni wọ́n pín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ní kí ó "padà" kò fi ojú kan Íńdíà rí.

"Rélùwéè yìí náà ni ó kó wọn sọ̀kalẹ̀," ni bàbá náà wí. "Wọn yóò wọ̀ ọ́ lórí òkè, wọn yóò pààrọ̀ ọkọ̀, wọn yóò dé Talaimannar ní etí òkun, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé wọn kọjá sí Rameswaram. Àbúrò ìyá mi wà nínú wọn. Mo jẹ́ ọmọdé, mo sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí ìdíkọ̀ fi tán."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í pẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan sọ. Mo bèèrè pé ìgbà wo ni ọ̀ràn náà wá níyanjú. Ó ní ọdún 2003 ni òfin mìíràn jáde tí ó fún àwọn tí ó kù ní ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Láti 1948 dé 2003: ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Talawakele kọjá, níbi tí omi St Clair ti ń já láti orí àpáta bí aṣọ funfun tí a sá. Nanu Oya kọjá, ọ̀pọ̀ òyìnbó sì sọ̀kalẹ̀ láti lọ sí Nuwara Eliya. Òtútù mú. Mo wọ suwẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n fi dandan lé e pé kí n mú wá. Lẹ́yìn Pattipola ni ojú irin náà ga jù lọ, 1,898 mítà sókè ju òkun lọ, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6,226. Ọkọ̀ wọ inú ihò kan tí wọ́n dá lu láti abẹ́ òkè. Ihò irú rẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà náà ju 40 lọ. Òjò ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a yọ ní òdì kejì, oòrùn! Òfuurufú mọ́ lau, àfonífojì nà lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ sì hó yèè.

Bàbá náà ṣàlàyé pé ní oṣù náà, afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn a máa da òjò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan òkè, ẹ̀gbẹ́ kejì a sì gbẹ. Gbígbẹ yìí ni ó ń mú kí tíì Uva, bí wọ́n ti ń pe apá ibẹ̀, ní òórùn dídùn jù ní oṣù Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà. Ti apá Hatton, oṣù Jánúárì sí Máàṣì ni tirẹ̀. Àwọn tí ń ra tíì ní gbàǹjo Colombo, tí ó ti wà láti 1883, mọ àkókò wọ̀nyí bí àwọn ìyá wa ti mọ àkókò ata.

A kọjá Haputale, ìlú tí ó jókòó sórí òkè tóóró bí ẹyẹ lórí igi. Ilé iṣẹ́ tíì Dambatenne, tí Lipton kọ́, kò jìnnà síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a wọ inú ilé iṣẹ́ tíì kan, nítorí náà mo lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò tẹ́ ewé kí ó rọ di ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ yóò lọ́ ọ, wọn yóò tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí owó bàbà, wọn yóò yan án kí ó gbẹ, wọn yóò sì jọ̀ ọ́ ní asẹ́ oríṣiríṣi. Èyí tí ó kúnná jù lọ, tí ó wà lábẹ́ gbogbo asẹ́, eruku ni wọ́n ń pè é. Inú àpò kékeré olókùn tí a ń rì sínú omi gbígbóná ni irú rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ó kàn ń yára pọ́n omi ni. Ṣùgbọ́n kò sí aláta tí kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi fi àpò bò ó.

Bàbá náà sọ̀kalẹ̀ ní Bandarawela, a gba nọ́ńbà fóònù ara wa. Lẹ́yìn Ella ni afárá kan wà tí ó ní ihò mẹ́sàn-án, òkúta, bíríkì àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n ní 1921 láìsí irin nínú rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Ọkọ̀ ní láti fọn fèrè kí wọ́n tó yà. Àwọn mìíràn ń fi apá kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ nítorí àwòrán. Èyí ti pa ènìyàn rí níbẹ̀, n kò sì rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a dé Demodara, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ jù fún ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ojú irin jáde ní ìdíkọ̀, ó yí òkè po, ó sì padà wá gba inú ihò tí ó wà lábẹ́ ìdíkọ̀ kan náà kọjá. A wo òkè, a rí ibi tí a ti wà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Badulla ni ojú irin parí sí. 1924 ni wọ́n tó tẹ́ ẹ débẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ nísinsìnyí, kí ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ní ìparí oṣù Nófẹ́ńbà 2025, ìjì tí a pè ní Ditwah kọlu Sri Lanka. Òjò rọ̀ láìdáwọ́ dúró, òkè ya lulẹ̀, ènìyàn tí ó kú lé ní 600, ojú irin orí òkè sì bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Mo pe bàbá náà lórí fóònù. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ya lẹ́yìn yàrá gbọọrọ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé, wọ́n sì ti kó gbogbo wọn jáde. Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sùn, lórí ẹní, láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Mo bi í pé nígbà wo ni wọn yóò tún ilé wọn kọ́. Ó ní wọn kò tíì mọ ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé láti ayé ìyá ìyá wọn kì í ṣe tiwọn. Ti oko tíì ni.